Ewu tí Ẹ̀rù Kò Mọ̀

Eku funfun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń sìn nínú àgò kò mọ igbó, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀, títí dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran sẹ́yìn, kò fojú kan ológbò rí. Síbẹ̀, bí a bá fi àkísà kan tí ológbò ti sùn lé sínú àgò náà, eku yìí yóò dúró gbagidi sójú kan, irun ara rẹ̀ yóò dìde, ọkàn rẹ̀ yóò máa lù kì-kì-kì, oúnjẹ tí ó ń jẹ lọ́wọ́ kò sì ní wù ú mọ́. Kò sí àgbà eku tí ó kìlọ̀ fún un, kò sì sí àpá kankan lára rẹ̀ tí yóò rán an létí. Àwọn àgbà yóò ní àbínibí ni, òótọ́ sì ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n bí a bá ti pe nǹkan ní àbínibí, ìdí ìbéèrè ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: báwo ni ohun tí ẹranko kò rí rí ṣe wọ inú ara rẹ̀, kí ni ó sì ń ṣe níbẹ̀ tí ó fi lè pàṣẹ fún un pé kí ó bẹ̀rù? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti eku nìkan. Ní Òde-Ìrèlè, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ohun kan ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2015 tí ó sọ ìbéèrè náà di ti ènìyàn, tí kò sì jẹ́ kí ẹni tí ó bá rò ó dénú lè gbà pé ohun kan náà ni ẹ̀rù àti ewu. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹ̀rù ń ṣe nínú ara ẹranko.

Nínú gbogbo ọ̀nà tí ewu fi ń kéde ara rẹ̀ fún ẹranko, òórùn wà lára èyí tí ó lágbára jù. Ìwádìí kan tí ó jáde láti Yunifásítì Harvard ní ọdún 2011 fi hàn pé kẹ́míkà kan wà nínú ìtọ̀ àwọn ẹranko tí ń pa ẹran jẹ, bíi kìnnìún, tí ó fi ìlọ́po-ìlọ́po ju èyí tí ó wà nínú ìtọ̀ àwọn tí ń jẹ koríko lọ, àti pé kẹ́míkà yìí nìkan, láìsí ìtọ̀, láìsí kìnnìún, tó láti mú kí eku yàgò fún ibi tí a bá kán an sí. Inú imú eku ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń dá irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ mọ̀, tí wọ́n sì ń fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọpọlọ lójú ẹsẹ̀. Kò sí èrò kankan nínú rẹ̀. Eku kò jókòó gbèrò pé ẹni tí ó tọ̀ síbí lè pa òun jẹ. Ọdẹ tí ó ń wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí kí ó tó wọ igbó ti mọ èyí láìka ìwé kankan, nítorí ó mọ̀ pé òórùn òun yóò dé imú ẹran kí ẹran tó fojú rí òun, àti pé bí ó bá ti dé imú ẹran, ọdẹ òru ọjọ́ náà ti bàjẹ́.

Láti imú, láti ojú àti láti etí, ìròyìn ewu a máa dé ibì kan nínú ọpọlọ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní amígídálà, àkójọ sẹ́ẹ̀lì tí kò tóbi, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí wọ́n fara pamọ́ sínú lọ́hùn-ún ní ọ̀kánkán ẹ̀bátí méjèèjì. Joseph LeDoux, onímọ̀ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ẹ̀rù lára eku, ṣàlàyé pé ọ̀nà méjì ni ìròyìn ń gbà dé ibẹ̀: ọ̀nà kúkúrú kan tí ó yá ṣùgbọ́n tí kì í rí nǹkan dáadáa, àti ọ̀nà gígùn kan tí ó ń kọ́kọ́ gba apá tí ọpọlọ ti ń yẹ nǹkan wò fínnífínní. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ ẹni tí ń rìn lábẹ́ ọ̀pẹ fi ń fò kúrò níwájú igi gbígbẹ tí ó wọ́ kọ́ńkọ́lọ́ bí ejò, kí ojú rẹ̀ tó wá sọ fún un pé igi ni. Ṣe ni amígídálà dà bí ajá tí a fi ń ṣọ́ ilé: yóò ti gbó kí ó tó mọ̀ bóyá olè ni tàbí àlejò, onílé tí ó sì ní làákàyè kì í pa ajá nítorí pé ó gbó àlejò.

Bí amígídálà bá ti ta ìdágìrì, apá ọpọlọ mìíràn tí a ń pè ní haipotálámọ́ọ̀sì, tí ó ń ṣàkóso ebi, òùngbẹ àti ooru ara, yóò gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, àṣẹ yóò sì gba inú iṣan lọ bá ẹ̀yà ara kékeré méjì tí wọ́n jókòó sórí kíndìnrín, àwọn náà yóò sì da adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Kẹ́míkà yìí, tí Jokichi Takamine, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ó ń gbé Amẹ́ríkà, yọ jáde ní mímọ́ ní ọdún 1901, ni ó ń mú àyà já, tí ó ń mú ojú ràn, tí ó ń yọ ṣúgà láti inú ẹ̀dọ̀ kí iṣan ẹsẹ̀ lè rí agbára sáré, tí ó sì ń dá iṣẹ́ ikùn dúró, nítorí ẹni tí ẹkùn ń lé kò ráyè dá oúnjẹ. Walter Cannon, ẹni tí ó kọ ìwé lórí èyí ní ọdún 1915, rí i pé ìmúrasílẹ̀ fún ìjà àti ìmúrasílẹ̀ fún sísá kò yàtọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Akíkanjú àti ojo, kẹ́míkà kan náà ni wọ́n jọ ń pín. Kẹ́míkà mìíràn, kọ́tísọ̀lù, ni ó ń tẹ̀lé e. Òun kì í tètè dé, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ lára, ó sì wà lára ohun tí ń ran ọpọlọ lọ́wọ́ kí ó má baà gbàgbé ibi tí ewu ti wá. Nítorí náà, nígbà tí Yorùbá ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló á sá, ohun tí ó wà nínú òwe náà ju àbùkù ojo lọ: ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ ti jọ ṣe májẹ̀mú láti ìgbà ejò àkọ́kọ́ pé ó sàn kí àwọn ṣìnà lórí ekòló nígbà ọgọ́rùn-ún ju kí àwọn ṣìnà lórí ejò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí ó bá jẹ́ pé kẹ́míkà ni ó ń gbé ẹ̀rù ró, a jẹ́ pé kẹ́míkà lè gbé e sọnù. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ba ni lẹ́rù gan-an nìyí. Afòmọ́ kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Toxoplasma gondii. Inú ìfun ológbò àti àwọn ẹranko ìdílé rẹ̀ nìkan ni ó ti lè bí sí i ní kíkún, ìgbẹ́ ológbò ni ó sì ń bá jáde sórí ilẹ̀, níbi tí eku ti ń kó o jẹ. Bí ó bá wọ ara eku tán, a lọ fara sinko sínú ọpọlọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìfun ológbò ni ó ń fẹ́ padà sí, kò sì lè débẹ̀ àfi bí ológbò bá pa eku náà jẹ. Ní ọdún 2000, Manuel Berdoy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fi hàn pé eku tí afòmọ́ yìí wà lára rẹ̀ kì í sá fún òórùn ìtọ̀ ológbò mọ́, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fà mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun mìíràn tí ó ṣe wọ́n tí ojú fi lè rí: wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rìn, wọ́n ń bá eku ẹgbẹ́ wọn ṣe bí eku. Ní ilẹ̀ Gabon, ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2016 rí ohun tí ó jọ ọ́ lára àwọn ìnàkí; àwọn tí afòmọ́ náà ti wọ̀ ń lọ gbóòórùn ìtọ̀ àmọ̀tẹ́kùn, tí í ṣe ọ̀tá wọn nínú igbó, ṣùgbọ́n ìtọ̀ kìnnìún àti ti ẹranko kan tí kò sí ní Áfíríkà rárá kò fà wọ́n bẹ́ẹ̀. Bóyá ohun tí afòmọ́ yìí ń da rú nínú ọpọlọ ni dopamíìnì, kẹ́míkà tí ń mú kí nǹkan wu ẹranko, tàbí amígídálà fúnra rẹ̀, àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe yẹn ti wà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ afòmọ́ yìí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ohun tí ó sọ gan-an ni yàrá ìwádìí tún rí, nítorí etí ajá náà kò di, fèrè náà kò sì dákẹ́. Ohun tí ó yẹ kí ó so fèrè pọ̀ mọ́ ewu nínú rẹ̀ ni ó já.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbí, kí a má baà rò pé ojú kan ṣoṣo ni ẹ̀rù ń gbé nínú ọpọlọ. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan wà tí àìsàn tí ó ṣọ̀wọ́n ba amígídálà rẹ̀ méjèèjì jẹ́, tí ó jẹ́ pé ejò, aláǹtakùn àti fíìmù adẹ́rùbani kò ba á lẹ́rù rárá, ó tilẹ̀ ń fẹ́ fọwọ́ kan ejò. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí jẹ́ kí ó fa kábọ́nì dayọ́sáìdì símú lẹ́ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀ ní ọdún 2013, ìpayà ńlá bá a, ó sì ké gbàjarè. Kábọ́nì dayọ́sáìdì ni atẹ́gùn tí a ń mí síta. Bí ó bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó túmọ̀ sí pé èémí fẹ́ tán, ara sì ní ọ̀nà mìíràn tí ó fi ń ké fún ìyẹn, tí kò gba amígídálà kọjá. Ohun tí ó yẹ kí ó mú gbogbo ilé tí jẹnẹrétọ̀ ń dún ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ronú ni pé ìbátan atẹ́gùn yìí, kábọ́nì mónọ́sáìdì, tí ń ti inú èéfín jẹnẹrétọ̀ jáde, kò ní òórùn, ara kò sì ní agogo kankan tí yóò lù fún un. Nítorí náà ni ìdílé odidi ṣe ń sùn tí wọn kì í jí mọ́, láìsí ẹnìkan nínú wọn tí àyà rẹ̀ já. Ara mọ bí a ṣe ń bẹ̀rù àìrí èémí, torí pé àìrí èémí ti wà láti ìgbà tí ẹ̀dá ti ń mí. Kò mọ bí a ṣe ń bẹ̀rù ẹ̀rọ.

Ọwọ́ ènìyàn náà ti tẹ ẹ̀rù láti ọjọ́ pípẹ́, kì í sì í ṣe òkè òkun ni ó ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi egbò igi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú, àwọn tí wọ́n ń rí ohun tí kò sí, tí wọ́n sì ń sá fún ẹni tí kò lé wọn. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ nípa ìtọ́jú yìí sínú ìwé àwọn oníṣègùn ní ọdún 1960, ní ìgbà tí oníṣègùn ọpọlọ Thomas Adeoye Lambo ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín ará abúlé ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, tí ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Láti ara ìbátan igi náà tí ó wà ní ilẹ̀ Íńdíà ni ilé iṣẹ́ Ciba ní Switzerland ti yọ kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní resẹpíìnì ní ọdún 1952, asofẹ́yẹjẹ ilẹ̀ wa sì ní kẹ́míkà kan náà nínú. Arvid Carlsson, olùwádìí ọmọ ilẹ̀ Sweden, fún ehoro ní resẹpíìnì. Ehoro náà sì rọ jọwọrọ, kò lè mira, nítorí pé kẹ́míkà náà ti gbọ́n dopamíìnì àti àwọn ìbátan rẹ̀ gbẹ nínú ọpọlọ. Ní ọdún 1957 ni ó kéde pé nígbà tí òun fún ehoro yìí ní èròjà tí ọpọlọ fi ń ṣe dopamíìnì, ó dìde, ó sì ń rìn, iṣẹ́ yìí sì wà nínú ohun tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní ọdún 2000. Ó dun ni pé nígbà tí a bá ń ka irú ìtàn yìí, ọwọ́ tí ó kọ́kọ́ wú egbò náà kì í ní orúkọ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ tí a ń bọ̀ wá sọ ni pé egbò kan, tí a bá lò ó ní ìwọ̀n, lè mú kí ẹni tí ó ń sá dẹ́kun sísá, tí a bá sì lò ó kọjá ìwọ̀n, ó lè gba ìrìn, ìfẹ́ àti ìdùnnú mọ́ ẹ̀rù lọ.

Ohun tí ènìyàn ń mu jù lọ láti fi rọ ẹ̀rù lójú ni ọtí. Kẹ́míkà kan wà nínú ọpọlọ tí ó ń jẹ́ GABA, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa sẹ́ẹ̀lì tí ń ké lẹ́nu mọ́, ẹ́tanọ́ọ̀lù tí í ṣe ọkàn gbogbo ọtí sì máa ń kún GABA lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí oògùn Valium náà ti ń ṣe. Àwọn olùwádìí ní pákó kan tí wọ́n gbé sókè kúrò nílẹ̀, tí wọ́n kàn bí àgbélébùú, tí apá méjì rẹ̀ ní ògiri, tí apá méjì yòókù sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Eku tí ara rẹ̀ dá yóò rọ̀ mọ́ apá tí ó ní ògiri, ṣùgbọ́n eku tí a fún ní ẹ́tanọ́ọ̀lù díẹ̀ yóò jáde sí gbangba, yóò máa yọjú wo ìsàlẹ̀. Ìgboyà ni ojú ń rí, ṣùgbọ́n àlàfo tí ó wà nísàlẹ̀ kò dín kù. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti ní ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ aládùúgbò wọn, ògùrọ̀ ni a ń sè nínú àgbá, tí ooru rẹ̀ ń gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, títí yóò fi kán sílẹ̀ ní ògógóró. Iṣẹ́ àtijọ́ ni, ó ti rán ọmọ púpọ̀ lọ sí ilé ìwé. A fi ń ṣe àlejò, a fi ń gbàdúrà níbi ìyàwó, a fi ń ta sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá, a sì fi ń rẹ egbò àti èèpo igi. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di ohun ìtìjú nítorí ohun tí a fẹ́ sọ yìí.

Ní àárín oṣù kẹrin ọdún 2015, láàárín ọjọ́ díẹ̀, ènìyàn tí kò dín ní 18 kú ní Òde-Ìrèlè àti àyíká rẹ̀. Orí fífọ́ ni ó ń kọ́kọ́ mú wọn, lẹ́yìn náà ojú wọn a ṣú, wọn a dákú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lo ju nǹkan bí ọjọ́ kan lọ kí wọ́n tó kú. Ó yẹ kí a ronú nípa irú òru tí ìlú náà sùn ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Kò tíì pé ọdún kan tí àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó, ní oṣù keje ọdún 2014, gbogbo ènìyàn sì ṣì ń rántí omi iyọ̀ àti ọwọ́ fífọ̀. Nítorí náà ni àwọn kan fi rò pé Ẹ̀bólà ni, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé kì í ṣe Ẹ̀bólà tàbí fáírọ́ọ̀sì mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí ó tún gba ìlú ni pé àwọn ọ̀dọ́ kan ti já wọ ojúbọ Malòkun, òrìṣà tí ìlú ń bọ láti ayébáyé, àti pé òrìṣà ni ó ń gbẹ̀san. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko tí àgbẹ̀ ń fín. Mẹ́tanọ́ọ̀lù ni àyẹ̀wò wá fi hàn, ó sì ti inú ògógóró wọ̀ wọ́n lára. Kí ọdún náà tó jìnnà, irú ikú kan náà ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers.

Mẹ́tanọ́ọ̀lù jẹ́ ìbátan ẹ́tanọ́ọ̀lù. Wọ́n jọ ara wọn lójú, òórùn àti adùn wọn sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ahọ́n kò fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń lo mẹ́tanọ́ọ̀lù fún ọ̀dà àti ohun tí ń yọ́ nǹkan. Ìwọ̀n tí ó lè pa ènìyàn kì í sábà wà nínú ògógóró tí a bá sè bí ó ti yẹ. Ibi tí ó ti máa ń wọlé ni ọwọ́ ẹni tí ó bá pò ó mọ́ ọtí kí ọtí lè pọ̀ sí i. Kò pani ní ẹnu, kò sì pani ní ikùn. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ásíìdì, irú ásíìdì kan náà tí ó wà lára àwọn èèrà kan, ásíìdì yìí ni ó sì ń dí sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ láti lo ọ́síjìn, tí ó ń bẹ̀rẹ̀ láti iṣan ojú. Èyí lè gba wákàtí 12 tàbí 24, ó sì tún lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ́tanọ́ọ̀lù bá pọ̀ nínú ohun tí ẹni náà mu. Nínú gbogbo wákàtí wọ̀nyí, amígídálà kò rí ohunkóhun tí ó lè ké fún: kò sí òórùn ológbò, kò sí ejò lójú ọ̀nà, kò sí àìrí èémí, ẹ́tanọ́ọ̀lù inú ọtí náà sì tún ti fi GABA pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ì bá fura lẹ́nu mọ́.

Eku ìbá ti ṣe ju ènìyàn lọ níbí, bí kò bá ṣe ohun kan. Eku igbó kì í jẹ oúnjẹ tuntun ní àjẹyó lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Yóò tọ́ ọ wò, yóò sì dúró. Olùwádìí kan, John Garcia, fi hàn ní ọdún 1955 pé bí eku bá mu omi dídùn kan, tí inú sì wá dà á rú lẹ́yìn náà, kò ní fẹnu kan adùn yẹn mọ́, àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀lé e sì fi hàn pé ọpọlọ lè so adùn pọ̀ mọ́ àìsàn bí wákàtí bíi mélòó kan bá tilẹ̀ wà láàárín wọn. Ìdí nìyí tí oògùn eku tí ń pa lójú ẹsẹ̀ kì í fi í pa eku tán nínú ilé: èyí tí ó tọ́ ọ wò tí kò kú ti kọ́gbọ́n. Warfarin, tí ó jáde fún pípa eku ní ọdún 1948, ni ó fi ẹ̀sẹ̀ pẹ̀lẹ́ yọ́ kẹ́lẹ́ kọjá lára ọgbọ́n yìí, nítorí ọjọ́ mélòó kan ni ó máa ń gbà kí ó tó pa eku, àdídùn oúnjẹ náà yóò sì ti di ohun àtẹ̀yìnwá tí ọpọlọ rẹ̀ kò lè so mọ́ ìrora. Ohun kan náà ni mẹ́tanọ́ọ̀lù ṣe fún àwọn ará Òde-Ìrèlè, ó sì tún burú ju ti eku lọ, torí pé adùn ògógóró kì í ṣe adùn tuntun fún wọn. Wọ́n ti mu ún níbi ìsìnkú, wọ́n ti mu ún níbi ìkómọ, wọ́n ti mu ún lẹ́yìn iṣẹ́ oko, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ọpọlọ tí ohun kan ti ṣe lóore nígbà púpọ̀ kì í yára fura sí i. Ẹni tí ó bá ń bú àwọn olóògbé náà ní ọ̀mùtí kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ó kù kí a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rù tí ó bá àwọn tí kò kú. Ó rọrùn fún ẹni tí ó ti ka èsì àyẹ̀wò láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé mẹ́tanọ́ọ̀lù ń pa wọ́n, wọ́n ń pe Malòkun. Ṣùgbọ́n ní Gashaka Gumti, igbó ìjọba tí ó wà lápá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, àwọn olùwádìí Kate Arnold àti Klaus Zuberbühler gbọ́ láàárín àwọn ọ̀bọ onímú funfun, wọ́n sì kọ ọ́ síwèé ní ọdún 2006, pé akọ ọ̀bọ ní igbe kan tí ó máa ń ké bí ó bá rí àmọ̀tẹ́kùn àti òmíràn tí ó máa ń ké bí ó bá rí idì, àti pé bí ó bá to méjèèjì tẹ̀léra, gbogbo agbo yóò ṣí kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú agbo náà kò rí idì, wọn kò sì rí àmọ̀tẹ́kùn. Ẹ̀rù ẹlòmíràn ni wọ́n gbà wọlé láti etí, adirẹnalíìnì tiwọn sì dìde fún un. Ìlú ènìyàn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ igbe tí ènìyàn ní lọ́wọ́ ni ó lè ké. Ìbẹ̀rù ejò kì í jẹ́ kí a tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀. Ìlú tí ó ti ń bọ Malòkun láti ìran dé ìran mọ irú ẹ̀rù tí ó ti ń pa ojúbọ àti òfin mọ́, òun sì ni ó kọ́kọ́ dé ẹnu wọn nígbà tí ikú tí kò ní orúkọ wọlé. Ẹ̀rù náà kò ṣìnà nípa pé ewu wà. Ibi tí ewu wà ni ó ṣì.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì yìí kò sì kéré, nítorí pé ẹ̀rù tí ó ṣi ibi mọ̀ lè gba ẹ̀mí là, ó sì lè pa á. Bí ẹnìkan bá tìlẹ̀kùn mọ́ra nítorí Malòkun, tí kò sì lọ síbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń mu ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rù tí kò mọ orúkọ mẹ́tanọ́ọ̀lù ti gbà á lọ́wọ́ mẹ́tanọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bí ojú ẹnìkan bá ń ṣú, tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì gbà pé ẹ̀san ni, etútù ni wọn yóò kọ́kọ́ wá lọ, aago kò sì dúró. Kò sí ohun tí ó wà nínú amígídálà ẹnikẹ́ni tí ó lè yan èyí tí ó tọ́ nínú ìbẹ̀rù méjèèjì. Ìgò àyẹ̀wò, ìwé àkọsílẹ̀ ẹni tí ó kú àti ibi tí ó ti mu kẹ́yìn, ìbéèrè tí a bi ní ilé kan tí a tún lọ bi ní ilé kejì, ni ó rí mẹ́tanọ́ọ̀lù ní Òde-Ìrèlè. Irú ẹ̀rù tí ó bá ti inú wọn wá kì í mú àyà já, ó sì lè jẹ́ pé ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣòro fún ènìyàn láti gbà á gbọ́ tó bí ó ti ń gba jìnnìjìnnì gbọ́.

Ìtọ́jú mẹ́tanọ́ọ̀lù wà, ibi tí ó sì ti ṣe ni ní kàyéfì ni pé ẹ́tanọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èròjà kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn méjèèjì nínú ẹ̀dọ̀, ẹ́tanọ́ọ̀lù ni ó sì máa ń kọ́kọ́ mú. Bí àwọn dókítà bá fi ẹ́tanọ́ọ̀lù tí ó mọ́ sí ara aláìsàn ní ìwọ̀n tí wọ́n ń ṣọ́, tàbí tí wọ́n lo oògùn kan tí ń jẹ́ fomepizole, mẹ́tanọ́ọ̀lù kò ní ráyè di ásíìdì, yóò sì máa bá ìtọ̀ àti èémí jáde díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ yọ ọ́ kúrò. Kì í ṣe ohun tí a lè ṣe nílé pẹ̀lú ìgò ògógóró mìíràn, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú ìgò kejì. Wákàtí tí ìtọ́jú yìí wúlò jù lọ sì ni wákàtí tí ara aláìsàn ṣì yá, tí ó rò pé ọtí àná ni ó ń fọ́ òun lórí, nítorí náà kì í ṣe òun ni a lè retí pé kí ó sáré lọ sí ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá a mu láti inú ìgò kan náà ni, ẹni tí ó ta á fún wọn ni, nọ́ọ̀sì ni, tí ó gbọ́ pé ojú ẹnìkan ń ṣú ní àdúgbò kejì, tí ó sì béèrè ohun tí wọ́n jọ mu kí ó tó béèrè ohunkóhun mìíràn.